Ọ̀ta àti Òpè Lórí Ọpọ́n Ṣẹ́ẹ̀sì

Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ohun gbogbo wà níta. Kò sí dáìsì tí a ń jù, kò sí káàdì tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ohun tí ọ̀ta ń rí lórí ọpọ́n náà ni òpè ń rí. Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ agbára fi máa ń hàn kíákíá láàárín ẹni méjì tó jókòó ta á, tí ayò náà sì máa ń sú àwọn méjèèjì bí ọ̀kan bá ti mọ̀ ọ́n ta jù. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà yanjú ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, orí ọpọ́n gan-an ni wọ́n ti ń dín agbára ọ̀ta kù kí ayò tó bẹ̀rẹ̀. Lónìí, nínú ìdíje, ẹnikẹ́ni kì í dín nǹkan kan kù fún ẹnì kejì. Inú ìṣirò tó ń tẹ̀lé ayò náà ni wọ́n ti ń gba àìdọ́gba wọn rò.

Ilé kọfí ni àṣà àkọ́kọ́ ti gbilẹ̀. Ní Paris, Café de la Régence ni ojúkò àwọn tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní London, ilé Parsloe ni, kó tó wá di Simpson's Divan ní òpópónà Strand. Owó ni wọ́n fi ń ta á. Ọ̀ta tó ń ti ara ayò jẹun nílò ẹni tí yóò bá a ta lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ kò sì sí olówó tí yóò máa fi owó rẹ̀ lélẹ̀ lórí ayò tó ti mọ̀ dájú pé òun ò lè mú. Bí ọ̀ta bá fẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ padà wá lọ́la, àfi kó fún un láyè tó pọ̀ tó láti na òun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyọ̀ǹda yìí ní ìpele, gbogbo ilé kọfí ló sì mọ̀ ọ́n. Èyí tó kéré jù ni kí ọ̀ta yọ ọmọ-ogun kan kúrò, ìyẹn èyí tó wà níwájú bíṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọba, kó sì jẹ́ kí ẹnì kejì kọ́kọ́ ta. Wọn ò ṣèèṣì yan ọmọ-ogun yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ayò, ọba nìkan ló ń ṣọ́ ọ, kò sí ẹlòmíràn tó ń ràn án lọ́wọ́. Bí a bá sì yọ ọ́ kúrò, ọ̀nà ti là lọ sí ẹsẹ̀ ọba. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ-ogun kan pẹ̀lú ìgbésẹ̀ méjì: òpè yóò ta lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀ta tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí àlàfo àárín wọn bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀ta yóò yọ ẹṣin kan, tàbí ilé-ìṣọ́ kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á ni wọ́n ń yọ ayaba fún. Ohun tí ènìyàn ń gbà ni wọ́n fi ń mọ ipò rẹ̀: tí wọ́n bá ní lágbájá ń gba ẹṣin lọ́wọ́ tàmẹ̀dù, gbogbo ilé ti mọ ibi tí lágbájá dé dúró.

Sire de Légal ni ọ̀gá ní Régence kí François-André Philidor, olórin tó ń kọ orin fún eré orí ìtàgé, tó gba ipò náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilé-ìṣọ́ ni Légal kọ́kọ́ ń yọ nígbà tí Philidor wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, kò sí ohun tó ṣeé yọ fún un mọ́. Ayò kan tí Légal ta ṣì wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ ṣẹ́ẹ̀sì títí dòní, níbi tó ti jẹ́ kí wọ́n jẹ ayaba rẹ̀, tó wá fi ẹṣin méjì àti bíṣọ́ọ̀bù kan há ọba ẹnì kejì mọ́. Ìtàn sọ pé ilé-ìṣọ́ kan ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ayò náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ayò tí a ń pè ní ẹlẹ́wà láti ayé ìgbà náà ṣe rí. Ìkọlù tó ń dán yinrin wà nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọlù kì í sábà jẹ́ ẹni tó mọ bí a ṣe ń dáàbò bo ara.

Alexandre Deschapelles, tó jọba ní Régence lẹ́yìn Philidor, kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ta lọ́gbọọgba. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó síwájú rẹ̀ ní láti gba ọmọ-ogun kan àti ìgbésẹ̀ méjì. Ìyọ̀ǹda yìí kan náà ló fi bá John Cochrane ará Scotland ta ní Saint-Cloud, nítòsí Paris, ní 1821. Àwọn ènìyàn máa ń ka èyí sí ìgbéraga, ìgbéraga sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àrékérekè náà ò gbẹ́yìn. Bí ó bá pàdánù, ìyọ̀ǹda ló jẹ̀bi. Bí ó bá borí, ògo rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Nínú àwọn tó tẹ̀lé ọ̀nà yìí, Paul Morphy ti New Orleans nìkan ni a lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ó kọjá sí Yúróòpù ní 1858, ó na gbogbo ẹni tó gbà láti bá a ta, títí kan Adolf Anderssen ará Jámánì tí wọ́n kà sí ọ̀gá wọn. Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà ní 1859, ó kéde pé òun ò ní bá ẹnikẹ́ni ta mọ́ àfi ẹni tó bá gba ọmọ-ogun kan àti ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òun. Kò sẹ́ni tó jáde.

Ìdíje ló pa àṣà yìí. Níbi tí ogójì ayò ti ń lọ lọ́wọ́, tí wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, kí ọ̀kan yọ ẹṣin kí òmíràn yọ ọmọ-ogun kàn ń da ọ̀rọ̀ rú ni. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní England gbìyànjú ìdíje oníyọ̀ǹda ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n pín àwọn ènìyàn sí ẹ̀ka ẹ̀ka, wọ́n sì kọ ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò yọ fún èkejì sílẹ̀. Ó dùn mọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbà pé ẹni tó gbapò kìíní níbẹ̀ ni ọ̀ta.

Ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní London ní 1851, nígbà tí ayé wọ ìlú náà wá wo Ìpàtẹ Ńlá. Howard Staunton ló ṣètò rẹ̀. Àwọn mẹ́rìndínlógún ló ta, ẹni tó bá pàdánù ìfigagbága kan ti di ará ilé, ìbò ni wọ́n sì fi so wọ́n pọ̀ ní ìpele kìíní. Ìbò kì í wojú ẹni. Ó so Anderssen mọ́ Lionel Kieseritzky, ọ̀ta tí gbogbo Paris mọ̀, ní ìpele àkọ́kọ́ gan-an, Kieseritzky sì gba ilé lọ nígbà tí àwọn tí kò tó o ṣì ń bá ìdíje lọ. Anderssen ló borí nígbẹ̀yìn. Ó na Staunton náà lọ́nà, ipò kẹta tó kù fún Staunton láti jà fún sì bọ́ sọ́wọ́ Elijah Williams, ẹni tí Staunton ò kà sí ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá.

Ìbínú Staunton sí Williams hàn kedere nínú ìwé tó kọ lórí ìdíje náà. Ó ní ọkùnrin náà ń lọ́ra jù, pé ó lè jókòó tẹjú mọ́ ìgbésẹ̀ kan títí ara ẹni tó ń dúró dè é yóò fi kú tipiri. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí Williams rú. Kò sí aago lórí tábìlì nígbà náà. Sùúrù jẹ́ ohun ìjà fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, nítorí pé ọ̀ta tó ti rí ohun tó fẹ́ ṣe máa ń kánjú, òpè tó sì lè fi wákàtí mẹ́ta ronú lè rí ohun tí ọ̀ta rí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Aago oníyanrìn wọlé ní 1861, nígbà tí Anderssen àti Ignatz Kolisch ń figagbága. Aago onírin, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀kan ń dúró bí èkejì bá ti ń lọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìdíje London ti 1883. Láti ìgbà náà ni àkókò ti di ohun tí wọ́n pín dọ́gba fún ọ̀ta àti òpè, a sì lè sọ pé ọ̀ta ló jèrè rẹ̀.

Ní 1862, ní London bákan náà, wọ́n yí ètò padà: gbogbo ẹni tó wọlé ni yóò bá gbogbo ẹni yòókù ta. Kò sí pé ìbò gbé ọ̀ta méjì kan ara wọn ní kùtùkùtù mọ́. Ṣùgbọ́n ètò yìí fún ẹni tó kéré jù ní agbára tí kò ní tẹ́lẹ̀. Bí àwọn méjì bá ń lé ipò kìíní, tí àwọn méjèèjì sì ta ọ̀mì láàárín ara wọn, ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti yanjú. Ẹni tó bá gba àmì kíkún lọ́wọ́ wọn ló máa lọ. Ẹni tó bá fi ìdajì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, ó ti rẹ̀yìn.

Ìdíje Hamburg ti 1910 ni àpẹẹrẹ èyí tó dára jù. Àwọn mẹ́tàdínlógún ló ta níbẹ̀. Carl Schlechter ti Vienna ló gbapò kìíní. Fred Yates, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Yorkshire tí wọn ò tíì mọ̀ lókè òkun, ló gbẹ̀yìn pátápátá pẹ̀lú àmì méjì àbọ̀ nínú mẹ́rìndínlógún. Ṣáájú ìdíje náà, Siegbert Tarrasch, dókítà oníṣègùn tó tún jẹ́ olùkọ́ ṣẹ́ẹ̀sì fún gbogbo ilẹ̀ Jámánì, ti sọ pé ọmọ náà kò tó ẹni tó ń bá àwọn jókòó. Ẹnì kan ṣoṣo ni Yates na ní Hamburg, Tarrasch sì ni ẹni náà.

Bí ènìyàn bá ka ayò yẹn sí èèmọ̀, ìtàn Yates lẹ́yìn náà kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó gba ipò kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹfà. Ní Karlsbad ní 1923, ó na Alexander Alekhine, ẹni tó ku ọdún mẹ́rin kó di olúborí àgbáyé, nínú ayò tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹwà. Síbẹ̀ kò fìgbà kan wà lára àwọn ọ̀ta mẹ́wàá tí ayé ń ka orúkọ wọn. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ń bẹ̀rù jù nínú ìdíje: ẹni tí gbogbo ènìyàn ń gba àmì lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí kò ní fẹ́ fún ni. José Raúl Capablanca ọmọ Kúbà bá tirẹ̀ pàdé ní New York ní 1916. Oscar Chajes, tí agbára rẹ̀ kò sún mọ́ tirẹ̀ rárá, ló na án. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọdún mẹ́jọ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó tún na Capablanca nínú ìdíje tàbí ìfigagbága, títí tí Richard Réti fi ṣe é ní 1924.

Capablanca yìí náà ló wà nínú ayò kan tí wọ́n sábà máa ń kà mọ́ irú èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yàtọ̀. Ní Hastings, ní ìparí 1930 wọ 1931, Sultan Khan na án. Ọmọ Punjab ni Sultan Khan, ó sì wà nínú ilé Sir Umar Hayat Khan, olówó ilẹ̀ kan tó mú un wá sí London. Ṣẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ Íńdíà ló kọ́ láti kékeré, níbi tí ọmọ-ogun kì í ti í fo ìlà méjì ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Kò ka ìwé tí àwọn ará Yúróòpù kọ lórí bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ayò, nítorí náà ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó bá ń bá a ta. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn tó ń wò ó máa ń rò pé ó ti bọ́ sọ́wọ́, àfi ìgbà tó bá kù díẹ̀ lórí ọpọ́n. Ẹni tó gba ipò kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1929, 1932 àti 1933 kì í ṣe òpè. Ìwé ni kò ní, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. FIDE, ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1924, fún un ní oyè grandmaster ní 2024, nígbà tó ti pẹ́ tó ti kú.

Ètò ẹni-gbogbo-bá-ẹni-gbogbo kò ṣeé lò bí èrò bá pọ̀. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn yóò ta ìpele mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Julius Müller, ará ìlú Brugg ní Swítsàlandì, ló wá ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ní Zürich ní 1895. Kò sí ẹni tí wọ́n ń lé sílé nínú ètò yìí, ìpele díẹ̀ ló sì tó. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní àmì púpọ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ẹni tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹni méjì kò sì gbọdọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀ta àti òpè kì í pàdé púpọ̀ lẹ́yìn ìpele kẹta tàbí ìkẹrin. Ìpele kìíní ni wọ́n ń pàdé jù, nítorí pé nígbà tí kò tíì sí àmì, wọn a to orúkọ láti orí ẹni tó lágbára jù dé ẹni tó kéré jù, wọn a pín in sí méjì, wọn a sì so ẹni kìíní apá òkè mọ́ ẹni kìíní apá ìsàlẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ẹni kìíní yóò bá ẹni kọkànléláàádọ́ta ta. Láti Olympiad ti Haifa ní 1976 ni ètò yìí ti di ti ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè pàápàá.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè to orúkọ, wọ́n ní láti mọ ẹni tó ju ẹni lọ. Anton Hoesslinger gbé òǹkà kan kalẹ̀ ní Jámánì ní 1948, Kenneth Harkness sì ṣe tirẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1950. Èyí tó borí gbogbo wọn ni ti Arpad Elo, ọmọ Húngárì tó ń kọ́ni ní físíìsì ní yunifásítì Marquette ní Milwaukee, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ akíkanjú nínú ìdíje ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà gbà á ní 1960, FIDE sì gbà á ní 1970.

Elo rí i pé agbára ènìyàn kì í dúró sójú kan. Ẹnì kan náà lè ta bí ọ̀gá lówùúrọ̀ kó ta bí ọmọdé nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, òǹkà rẹ̀ kì í sọ ẹni tí yóò borí. Iye tí a lè retí lọ́wọ́ ẹni bí wọ́n bá ta púpọ̀ ló ń sọ. Bí àlàfo bá jẹ́ 100, ẹni tó wà lókè yẹ kó gba àmì 64 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ 200, 76. Bí ó bá jẹ́ 400, ó lé díẹ̀ ní 90. Lẹ́yìn ayò, wọn a fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wé ohun tí wọ́n retí, wọn a sì pín èrè tàbí àdánù. Ká ní ẹni 1800 pàdé ẹni 2000, tí ìlọ́po wọn, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ ìyàtọ̀ àárín ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n retí di èrè tàbí àdánù, jẹ́ 20. Bí ẹni 2000 bá borí, kò ní rí ju 4.8 lọ. Bí ẹni 1800 bá borí, yóò rí 15.2. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, 5.2 yóò kúrò lọ́wọ́ ọ̀ta bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ẹsẹ̀ ìṣirò yìí ni ìyọ̀ǹda ayé àtijọ́ wọ̀ sí. Ọ̀ta kì í yọ ẹṣin mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀mì tó tẹ́ òpè lọ́rùn jẹ́ àdánù fún un. Ó le jù fún àwọn tí òǹkà wọn ti kọjá 2400, tí ìlọ́po wọn jẹ́ 10. Bí irú wọn bá pàdé ẹni tó fi 400 kéré sí i, ìṣẹ́gun kò mú tó àmì kan wá, ìjákulẹ̀ sì lè gba mẹ́sàn-án lọ. Abájọ tí ọ̀pọ̀ grandmaster fi ń sá fún ìdíje tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àfi bí owó rẹ̀ bá pọ̀.

Àyípadà yìí tún kan bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa ta. Ìmọ̀ràn tó wà láti ayé ilé kọfí ni pé kí òpè tó gba ìyọ̀ǹda máa pa ohun gbogbo dànù, ayaba pẹ̀lú ayaba, ilé-ìṣọ́ pẹ̀lú ilé-ìṣọ́, kí ohun tí wọ́n yọ fún un lè hàn. Ìmọ̀ràn tó dára ni nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń tẹ̀lé e nínú ìdíje òde òní níbi tí wọn ò ti yọ nǹkan kan fún wọn, àṣìṣe sì ni. Bí ohun tó wà lórí ọpọ́n bá dín kù tó sì dọ́gba, ibẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ ọ̀ta ti ń ṣiṣẹ́ jù. Inú irú ayò bẹ́ẹ̀ ni Capablanca ti kó èyí tó pọ̀ jù lára àwọn àmì rẹ̀ jọ. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ jù fún ẹni tó kéré ni kí ayò dojú rú, kí àwọn méjèèjì máa ṣe ìṣirò nínú òkùnkùn, kí aago sì máa lọ. Ọ̀ta náà mọ èyí. Ó sábà máa ń yan ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní tètè bá ara wọn kan, á máa yí bìrí, á sì dúró de àṣìṣe kékeré.

Ìyọ̀ǹda gidi kò parun pátápátá, ó kàn jẹ́ pé ọwọ́ kọ̀ǹpútà ló bọ́ sí. Ní 2007, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Rybka yọ ọmọ-ogun kan fún grandmaster Jaan Ehlvest nínú ayò mẹ́jọ, ó sì ṣì borí pẹ̀lú 5½ sí 2½. Ní 2016, Komodo bá Hikaru Nakamura, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀ta tó lágbára jù láyé, ta ayò mẹ́rin pẹ̀lú ìyọ̀ǹda oríṣiríṣi. Wọ́n ta ọ̀mì nínú mẹ́ta, Komodo sì mú ìkẹrin.

Nínú ìdíje àwọn ènìyàn, àlàfo tó gbòòrò jù ṣì máa ń hàn níbi tí wọ́n bá ti so ẹni kìíní mọ́ ẹni ìkẹyìn. Ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2017, ní Tbilisi, olú-ìlú Jọ́jíà, gba ènìyàn 128, ẹni tó bá sì pàdánù ìfigagbága ayò méjì yóò lọ sílé. Magnus Carlsen ti Nọ́wè, tó ti jẹ́ olúborí àgbáyé láti 2013 nígbà náà, wọ ìdíje náà, ohun tí olúborí tó wà lórí oyè kì í sábà ṣe, nítorí pé ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yóò pè é níjà ni. Ẹni tí ètò so mọ́ ọn ní ìpele kìíní ni Oluwafemi Balogun, ọmọ Nàìjíríà tó ní oyè FIDE Master. Àlàfo òǹkà wọn lé ní 500. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Elo, ẹni tó wà nísàlẹ̀ irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kò lè retí ju àmì bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Carlsen mú ayò méjèèjì.

Ní ìpele kẹta, Carlsen pàdé Bu Xiangzhi ọmọ Ṣáínà, tí àlàfo wọn kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún lọ. Bu mú ayò àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọmọ dúdú, wọ́n ta ọ̀mì nínú èkejì, olúborí àgbáyé sì kó ẹrù rẹ̀. Peter Svidler ló lé Bu náà jáde ní ìpele tó tẹ̀lé e, Levon Aronian ọmọ Àméníà ló sì gba ife-ẹ̀yẹ náà.